Bẹ́ ẹ ṣe máa ra agogo gogoro àtijọ́ tí wọn ò fi ní rẹ́ yín jẹ

Agogo gogoro tí mò ń sọ yìí lèyí táwọn òyìnbó ń pè ní grandfather clock, èyí tó ga ju èèyàn lọ, tó ní àpótí onígi, tí pẹ́ńdúlọ̀mù ń fì nínú ẹ̀. Ó pọ̀ lọ́jà níbí ní ìlú ọba, owó ẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan-an sí ti ogún ọdún ó lé sẹ́yìn, torí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó ò fẹ́ ẹrù onígi dúdú táwọn òbí wọn kó jọ mọ́, àyè gan-an ò sí nínú fúláàtì tí wọ́n ń gbé. Àwa la wá ń rà á báyìí o. Ẹni tó bá ra ilé sí Kent tàbí Manchester á ní òun fẹ́ gbé ọ̀kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí àlejò kọ́kọ́ rí i, kò burú, ilé ẹni la ti ń jẹ èkúté onídodo. Àmọ́ ojú agogo lọ̀pọ̀ wa ń wò tá a fi ń sanwó, ojú yẹn ló sì rọrùn jù láti fi tan èèyàn jẹ. Ẹ wo inú ẹ̀ àti ẹ̀yìn ẹ̀ ná, ẹ wá èyí tí ẹ́ńjìnnì àti àpótí ẹ̀ ti jọ wà látilẹ̀, tí ilé yín sì lè gbà.

1. Ẹ wọn sílììn kẹ́ ẹ tó wọn àpò yín

Ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ́ lásìkò yìí, sílììn ẹ̀ ò ju bíi mítà 2.4 lọ, òmíì ò tó bẹ́ẹ̀. Agogo onígi oak táwọn ará abúlé ń lò nígbà yẹn sábà máa ń ga tó mítà 2 sí 2.1, ìyẹn á wọlé láìsí wàhálà. Èyí tí wọ́n fi mahogany ṣe ní London fáwọn olówó, tó ní orí ṣóńṣó àti bọ́ọ̀lù idẹ lókè, lè lé ní mítà 2.4 dáadáa, ẹ ò ní fẹ́ gbé e délé tán kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé orí ẹ̀ kan òkè. Bọ́ọ̀lù yẹn ṣeé yọ ṣá, ẹ bi ẹni tó ń tà á bó ṣe ga sí láìsí bọ́ọ̀lù. Àwọn kan sì wà láyé àtijọ́ tí wọ́n gé ìdí agogo kó lè wọ ilé kékeré, tẹ́ ẹ bá rí èyí tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ kúrú tí kò bá ara tó kù mu, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i nìyẹn, owó ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wálẹ̀.

Ẹ wọn ibi tó máa dúró sí náà, ó máa gba bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sí 60 ní fífẹ̀. Má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹdiétọ̀ tó ń mú ilé gbóná o, ooru yẹn á fa igi ẹ̀ ya. Ibi tí oòrùn ti ń ràn wọlé taara náà ò dáa. Ilẹ̀ tó le ló fẹ́, síméńtì tàbí pákó tí kì í mì, tẹ́ ẹ bá ń rìn kọjá tí ife ń dún nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ wá igun míì.

2. Ọlọ́jọ́ 8 àbí oníwákàtí 30?

Irú méjì yìí lẹ máa bá pàdé jù. Ọlọ́jọ́ 8, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ máa wáìndì ẹ̀, ihò kọ́kọ́rọ́ méjì ló wà lójú ẹ̀, ọ̀kan fún ìrìn, ọ̀kan fún lílù, wéètì méjì ló sì so rọ̀ nínú àpótí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wúwo tó bíi kílò 5 tàbí 6. Oníwákàtí 30, wéètì kan ṣoṣo ló ní, kì í lo kọ́kọ́rọ́, ojoojúmọ́ lẹ máa ṣílẹ̀kùn àpótí kẹ́ ẹ fa ṣéènì tàbí okùn ẹ̀. Òun làwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń rà nígbà yẹn torí ó rọjú, òun náà ló ṣì rọjú jù dòní.

Ohun kan wà tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn oníwákàtí 30 kan wà tí wọ́n dá ihò kọ́kọ́rọ́ èké sí lójú, òmíì gan-an wọ́n kan fi ọ̀dà kùn ún síbẹ̀ ni, kí aládùúgbò lè rò pé ọlọ́jọ́ 8 ni wọ́n rà. Ṣekárími ò bẹ̀rẹ̀ lórí wa. Nítorí náà ẹ má ka ihò, ẹ ṣílẹ̀kùn kẹ́ ẹ ka wéètì.

Tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ alẹ́ lẹ̀ ń ṣe, tẹ́ ẹ máa ń jáde láṣàálẹ́ wọlé láàárọ̀, ọlọ́jọ́ 8 ni kẹ́ ẹ rà, ẹ mú ọjọ́ Sunday kí ẹ tó lọ ṣọ́ọ̀ṣì gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ wáìndì. Oníwákàtí 30 dáa fẹ́ni tó wà nílé tó sì fẹ́ràn àtimáa tọ́jú nǹkan. Ó tún ní ìwà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í mọ iye tí ọwọ́ agogo ń sọ, wọ́n kàn ń ka lílù wọn lọ ní tiwọn ni, tẹ́ ẹ bá sún ọwọ́ ẹ̀ kọjá láìjẹ́ kó lù tán, ó lè máa lu 5 nígbà tí ọwọ́ ẹ̀ bá wà ní 3. Kò bàjẹ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n á fi hàn yín ibi tẹ́ ẹ máa gbé sókè kó máa lù títí táwọn méjèèjì á fi bára mu.

3. Ọjọ́ orí ẹ̀

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà fi irọ́ tó tóbi lọ̀ yín. Christiaan Huygens, ará Netherlands, ló gbé agogo oní-pẹ́ńdúlọ̀mù jáde ní 1656. Nígbà tó fi di 1658, alágogo kan, Ahasuerus Fromanteel, ti ń polówó ẹ̀ ní London. Nǹkan bí 1670 ni wọ́n wá rí ọ̀nà tí pẹ́ńdúlọ̀mù gígùn, bíi mítà kan, á fi lè máa fì díẹ̀díẹ̀ láàyè tóóró, kó máa fi ìṣẹ́jú àáyá kan lọ sápá kan, ohun tó jẹ́ kí àpótí ẹ̀ ga tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé agogo gogoro òun jẹ́ ti 1600, ẹ kí i, kẹ́ ẹ máa lọ.

Ojú idẹ ló kọ́kọ́ wà, tí wọ́n kan òrùka funfun tí nọ́ńbà wà lára ẹ̀ mọ́, tí wọ́n fi orí áńgẹ́lì kéékèèké tàbí ewéko onídẹ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní 1772, àwọn méjì kan ní Birmingham, Osborne àti Wilson, bẹ̀rẹ̀ sí polówó ojú irin tí wọ́n kùn ní ọ̀dà funfun, ó rọrùn kà ní alẹ́ pẹ̀lú àbẹ́là, kò pẹ́ tó fi gba ìgboro. Lákọ̀ọ́kọ́ òdòdó kékeré ni wọ́n ń yà sí igun, bí ọdún ṣe ń lọ wọ́n ń ya á kún, nígbà tó fi máa di 1830 lọ sókè, gbogbo igun ti kún fún àwòrán ilé, òkun, àwọn èèyàn inú Bíbélì. Ojú kùnkún yìí lẹ máa rí jù, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ ju onídẹ lọ fún ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí kò mọ́lẹ̀ tó. Ẹ ṣá wò ó bóyá wọ́n ti tún un kùn: nọ́ńbà tó dúdú kirikiri bí ìwé ìròyìn àárọ̀ yìí lójú ọ̀dà tó ti sán, ọwọ́ ẹnì kan ti débẹ̀ láìpẹ́.

Orúkọ tó wà lójú ẹ̀ kì í sábà jẹ́ orúkọ ẹni tó ṣe gbogbo ẹ̀. Fún èyí tó jẹ́ ti ẹ̀yìn 1780, orúkọ oníṣọ́ọ̀bù tó tà á nìlú ẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́, ẹ́ńjìnnì wá láti ibòmíì, ojú láti Birmingham, káfíńtà àdúgbò ló kan àpótí. Ìyẹn ò burú, bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nígbà yẹn nìyẹn. Orúkọ àti ìlú máa ń wúlò láti mọ ọdún ẹ̀, torí wọ́n ti kọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún alágogo àtijọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá rí orúkọ Thomas Tompion, gbajúmọ̀ alágogo London, lójú agogo tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú, ẹ má tiẹ̀ dúró gbọ́ ìtàn. Ọkùnrin yẹn kú ní 1713, Westminster Abbey ni wọ́n sin ín sí, owó ilé ni wọ́n fi ń ra iṣẹ́ ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì rí Tempus Fugit tí wọ́n kọ sórí awo idẹ roboto lókè ojú ẹ̀, tó ń kọrin ní gbogbo ìṣẹ́jú 15 bíi ti Big Ben, tó ní ṣéènì mẹ́ta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ti ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá yìí ni, wọ́n kàn fara wé ti àtijọ́. Ó lè wù yín, ẹ lè rà á, àmọ́ ẹ má sanwó àtijọ́ lé e.

Igi ńkọ́? Oak ló pọ̀ jù lábúlé, walnut wà lára ti àwọn olówó àkọ́kọ́, pine ni wọ́n fi ń ṣe ti mẹ̀kúnnù, wọ́n á wá kùn ún. Mahogany bẹ̀rẹ̀ sí wọlé wìtìwìtì lẹ́yìn tí ìjọba wọn mú owó ibodè kúrò lórí ẹ̀ ní 1721, láti Jàmáíkà, lẹ́yìn náà láti Cuba àti Honduras. Ìbátan ọ̀gànwó tiwa ni. Àwọn tó wọ igbó lọ gé e, ẹrú ni wọ́n, aláwọ̀ dúdú bíi tiwa. Mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á, mo ní ọ̀kan nínú pálọ̀ mi, mo kàn máa ń sọ ọ́ fáwọn ọmọ nígbà tí wọ́n bá ń fọwọ́ kàn án pé ó ń dán.

4. Ẹ yọ fìlà ẹ̀, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Apá òkè tó bo ojú agogo, tó ní gíláàsì àti òpó kékeré méjì, ó ń yọ síwájú ni, bí ẹ ṣe ń fa dúrọ́ọ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á yọ ọ́ fún yín. Tó bá ń ṣàlàyé pé kò rọrùn, pé kò sí àyè, ẹ máa bá ẹsẹ̀ yín sọ̀rọ̀.

Tó bá ti yọ, ẹ máa rí ẹ́ńjìnnì onídẹ lójúkojú, ó jókòó sórí pákó pẹlẹbẹ kan, pákó yẹn náà sì jókòó sórí etí méjì àpótí tó yọ gòkè lọ́tùn-ún lósì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí pákó àti etí yẹn ti pàdé. Ṣé wọ́n fi igi tuntun lé etí yẹn kó lè ga sí i? Ṣé wọ́n fi ayùn gé e wálẹ̀? Ṣé pákó yẹn mọ́ tónítóní nígbà tí gbogbo nǹkan tó yí i ká ti dúdú? Ṣé ihò síkúrù àtijọ́ wà lára ẹ̀ tí kò sí ohunkóhun nínú wọn, tí wọn ò sì bá ẹ́ńjìnnì tó wà lórí ẹ̀ mu? Gbogbo ìyẹn ń sọ pé àpótí yìí ti gbé ẹ́ńjìnnì míì rí. Wọ́n máa ń pè é ní marriage lọ́jà, tẹ́ ẹ bá rí i nínú ìwé gbàǹjo, ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn: ara ọ̀tọ̀, orí ọ̀tọ̀. Ó pọ̀ gan-an. Agogo bẹ́ẹ̀ á máa rìn, á máa lù, àlejò ò ní mọ̀, àmọ́ kò yẹ kẹ́ ẹ san ju ìdajì owó tí odindi ń gbà. Ẹ ṣá má sáré dájọ́, pákó yẹn máa ń jẹrà, wọ́n sì lè pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú òótọ́ inú, ìdí nìyẹn tó fi dáa kẹ́ ẹ wá ẹ̀rí méjì tàbí mẹ́ta kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rí míì rèé. Ẹ dá fìlà padà, ẹ wo bí férémù onígi tó wà lẹ́yìn gíláàsì ṣe yí ojú agogo ká. Ó gbọ́dọ̀ bá a mu gẹ́lẹ́ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kò gbọdọ̀ bo nọ́ńbà tàbí òdòdó igun, ẹ ò sì gbọdọ̀ rí àyè tẹ́ ẹ fi lè máa wo ẹ́ńjìnnì láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ yọ fìlà lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wo ẹ̀yìn ojú agogo, tẹ́ ẹ bá rí ihò tí wọ́n dí, ojú yẹn ti wà lára ẹ́ńjìnnì míì rí, torí ojú lọ́wọ́ iwájú ṣeé kùn bò, ẹ̀yìn kì í sábà rẹ́ni ráyè fún.

Ẹ wá kúnlẹ̀, ẹ ṣílẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí pákó ẹ̀yìn nínú lọ́hùn-ún. Nínú ọ̀pọ̀ agogo tó ti dàgbà, ẹ máa rí ibi tí ọ̀pọ́n pẹ́ńdúlọ̀mù, ìyẹn ohun roboto tó wúwo nísàlẹ̀ ẹ̀, ti ha pákó yẹn láti ọdún pípẹ́, ó máa tẹ̀ bí ẹ̀rín. Tí ibi tó ha bá ga ju ibi tí ọ̀pọ́n ti òní wà lọ, tàbí tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ẹ béèrè ìdí. Igi inú yẹn gbọ́dọ̀ gbẹ, kó dúdú láìdọ́gba, kò gbọdọ̀ ní fáníìṣì. Ẹ wo ilẹ̀ àpótí náà, tí wọ́n bá ti tún un kàn, ó ṣeé ṣe kí okùn ti já níjọ́ kan kí wéètì já lulẹ̀ bí òkúta, ìyẹn ò bà á jẹ́ lọ́jà, ó kàn ń rán yín létí pé kẹ́ ẹ yẹ okùn ti ìsinsìnyí wò bóyá ó ti ń tú.

Kòkòrò igi: ihò róbóróbó bí orí abẹ́rẹ́. Tí inú ihò bá dúdú, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Tó bá funfun tí ìyẹ̀fun ń bọ́ lára ẹ̀ tẹ́ ẹ bá gbá àpótí, wọ́n ṣì ń jẹun nínú ẹ̀, ẹ má gbé e wọlé bá ẹrù tó kù.

5. Owó

Lọ́wọ́ oníṣòwò tó ti tún un ṣe, tó máa gbé e wá sílé, tó máa fún yín ní gàráǹtì, ó máa wọ́n ju ti gbàǹjo lọ dáadáa. Ní gbàǹjo, oníwákàtí 30 onígi oak lè lọ ní ọgọ́rùn-ún mélòó kan pọ́n-ùn péré. Àmọ́ iye tí wọ́n fi òòlù lù kọ́ lẹ máa san o. Wọ́n máa ń fi owó tiwọn lé e, ó sábà máa ń jẹ́ 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, VAT á tún wà lórí owó tiwọn yẹn. Tí òòlù bá lù ní £600, tí owó tiwọn jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn £150, VAT lórí ẹ̀ £30, ẹ máa san £780. Ẹ tún fi owó ẹni tó máa fọ ẹ́ńjìnnì sí i, kì í ṣe owó kékeré, ọ̀pọ̀ agogo gbàǹjo ni kò sì tíì rí ọwọ́ alágogo láti ọjọ́ pípẹ́. British Horological Institute, tó ti wà láti 1858, ní orúkọ àwọn alágogo tó mọṣẹ́, ẹ wá èyí tó súnmọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fín epo ilẹ̀kùn sí i nínú, yóò kó eruku jọ, yóò sì jẹ ẹ́ńjìnnì yẹn run.

Tí ohun funfun bí egungun bá yí ihò kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ká, ẹ béèrè bóyá eyín erin ni. Òfin wà lórí ẹ̀ níbí láti 2022, ẹni tó bá fẹ́ tà á gbọ́dọ̀ ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó ná owó kankan, ẹ lọ wo ojúlówó. British Museum, yàrá 38 àti 39, ọ̀fẹ́ ni. Ti ẹgbẹ́ alágogo London wà nínú Science Museum, ọ̀fẹ́ náà ni. Ẹ kó àwọn ọmọ dání.

6. Gbígbé e wọlé

Wéètì lẹ máa kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà pẹ́ńdúlọ̀mù, kẹ́ ẹ tó mú ẹ́ńjìnnì kúrò. Ẹ kọ ọ̀tún àti òsì sára wéètì. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé agogo sínú ọkọ̀ tòun ti pẹ́ńdúlọ̀mù tó so nínú ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé e rọ̀ lókè á ṣẹ́, kò tó ìṣẹ́jú kan láti bà á jẹ́.

Nílé, ẹ fi ìwọ̀n omi táwọn káfíńtà ń lò (spirit level) dọ́gba ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi síkúrù de pákó ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́ ògiri. Pákó ìdí ògiri á ti ì síwájú, ẹ fi igi kékeré dí àárín náà lókè. Ẹ má fo ibí yìí! Tí ẹ ò bá dè é, tó sì jẹ́ pé kápẹ́ẹ̀tì rírọ̀ ló dúró lé, nígbà tí wéètì bá wálẹ̀ dé déédéé ọ̀pọ́n pẹ́ńdúlọ̀mù, ní bí ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà lẹ́yìn tẹ́ ẹ wáìndì ẹ̀, wéètì náà á bẹ̀rẹ̀ sí fì pẹ̀lú ẹ̀, á gba agbára ẹ̀, agogo á dúró. Àwọn èèyàn á ní ó ti bàjẹ́, wọ́n á pe alágogo, alágogo á fi síkúrù kan dè é, á gba owó.

Ẹ wá tẹ́tí. Tíkì àti tákì gbọ́dọ̀ jìnnà síra bákan náà. Tó bá ń dún bí ẹni tó ń tiro, ọ̀pá tó ń ti pẹ́ńdúlọ̀mù lẹ́yìn nílò kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sápá kan, ẹ ní kí alágogo ṣe é lójú yín kẹ́ ẹ lè mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ́n lẹ máa fi tún ìrìn ẹ̀ ṣe: gbé ọ̀pọ́n sókè, ó yá, sọ ọ́ kalẹ̀, ó fà. Yíyí ẹ̀ẹ̀kan sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú lóòjọ́. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ fi ọjọ́ méjì wò ó, ẹ fi ti fóònù yín díwọ̀n ẹ̀.

7. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e relé

Ọ̀pọ̀ ló ń bi mí, pé ṣé àwọn lè gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta fún ilé táwọn kọ́ síbẹ̀. Ẹ lè gbé e. Ikán ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bẹ̀rù, ẹ má gbé e kan ilẹ̀ tí ẹ ò tíì fín oògùn sí, ọyẹ́ náà á fẹ́ ya pákó ẹ̀, àpótí oak tó nípọn ló máa fara dà á jù. Ohun tó máa yà yín lẹ́nu ni pé agogo tó ń lọ gẹ́rẹ́ ní London máa máa fà sẹ́yìn níbẹ̀ ní bí ìṣẹ́jú méjì lóòjọ́, láìjẹ́ pé ohunkóhun ṣe é. Ayé ò fa nǹkan wálẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa bó ṣe ń fà á lókè lọ́hùn-ún, pẹ́ńdúlọ̀mù á sì máa fì jẹ́jẹ́. Jean Richer, ará Faransé, ló rí i ní 1672 nígbà tó gbé agogo láti Paris lọ sí Cayenne ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tiẹ̀ fà ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀ lóòjọ́. Torí náà ẹ má pe ẹnikẹ́ni, ẹ gbé ọ̀pọ́n yẹn sókè ní bíi mílímítà 3, kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe láti ibẹ̀.